Ẹrù Tí Mo Já Kúrò Nínú Bàálù

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbà pé ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ ṣe fújà nìkan ló ń wọ bàálù kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́ létí mi, mo máa ń gbé ife tíì mi sílẹ̀, torí ìjà ti dé nìyẹn. Bàálù tí mo lo ayé mi nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti fújà. Bàálù iṣẹ́ ni. Ó ń gbé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ síbi tí ọ̀nà ò dé, ó ń gbé irin ẹ̀rọ tó ṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n á ti tún un ṣe, ó ń gbé oníṣòwò lọ bá oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ń dá a padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ènìyàn mẹ́ta, àpò díẹ̀, ó parí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi kúrò lórí pápá ìlú mi, bí mo bá sì tún ayé wá, òun náà ni mo máa ṣe.

Ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn la wà nígbà náà. Ìbàdàn ni olú-ìlú wa, ibẹ̀ ni ìwé àṣẹ igbó ọba ti ń wá, gẹdú ló sì ń bọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní Òkè-Sópẹ́n tí wọ́n bí mi sí, kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà tí ariwo ayùn fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Lagilagi ni bàbá mi. Ilé ìlagi Bàbá Onígẹdú ló ti ń la pákó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pe àgbàlagbà kan tó ní igbó, tó ní lọ́rì, tó sì ni ju ìdajì àwọn ilé àdúgbò wa lọ, títí kan èyí tí à ń gbé. Ìyá mi ń ta ẹja yíyan. Ìwópin, létí ọ̀sà, ló ti ń rà á. Ó máa wọ lọ́rì, ó máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ó máa sùn lọ́nà, kó tó padà wálé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì àti òórùn èéfín lára. Mùsùlùmí ni wá. Èmi ni ọmọ wọn obìnrin tó kọ́kọ́ kàwé dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ Módà tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi sì mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnu Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ níhìn-ín bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe máa gbọ́ ọ, kí wọ́n má baà ní a tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ gẹdú kan tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n máa ka gẹdú bí lọ́rì ṣe ń já wọn sílẹ̀, kí n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù lù sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Mi ò kórìíra rẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Igi kì í sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́yìn ìlú lọ́wọ́ Bàbá Onígẹdú. Wọ́n hú kùkùté ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kí koríko hù sí i, wọ́n fi àpò aṣọ funfun kọ́ sórí òpó gíga láti máa fi ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí hàn, wọ́n sì kọ́ àtíbàbà páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di pápá bàálù. Bàálù kékeré kan, ìjókòó mẹ́rin pẹ̀lú ti awakọ̀, ń ti Ìkẹjà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lópin pápá náà, igbó ni: ìrókò àti ọ̀mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé.

Nítorí igbó yẹn ni wọ́n ṣe ń wọn ènìyàn. Pápá wa kúrú. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, bàálù ò ní tètè kúrò nílẹ̀, igi ò sì ní yà fún un. Wọ́n gbé ìwọ̀n kan tí àwọn oníkòkó fi ń wọn àpò wá sínú àtíbàbà, wọ́n fi ọkùnrin kan sídìí rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ọmọlúwàbí ju ìṣirò lọ. Kò lè sọ fún àgbàlagbà pé kó gun orí ìwọ̀n kòkó, nítorí náà, gbogbo ọlọ́lá tó bá dé, iye kan náà ló ń kọ fún wọn. Akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ wa ló rí i. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kì í rẹ́rìn-ín bí ìwé ìṣirò bá wà níwájú rẹ̀. Ó rí i nínú ìwé pé tíṣà kan tó tín-ín-rín bí igi orín àti olóyè kan tó ń gba ìjókòó méjì nínú mọ́tò wúwo bákan náà. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwọ ọmọ ẹlẹ́nu yìí," ó ní, "ṣé o lè sọ fún àgbà bó ṣe wúwo tó?"

Mo ní mo lè sọ fún ọba.

Ó ní kí n ṣe é dé òpin ìgbà òjò. Bí mo bá débẹ̀ láìsí ẹ̀sùn, wọ́n á fi orúkọ mi sínú ìwé òṣìṣẹ́ pápá, iṣẹ́ náà á di tèmi. Bí ẹ̀sùn kan ṣoṣo bá wá láti ọ̀dọ̀ èèyàn ńlá, ó parí.

"Uṣẹ́ wo rèé?" ni bàbá mi wí nígbà tí mo délé. Ó ní obìnrin wo ló ń wọn ọkùnrin, ta ló fẹ́ fẹ́ ẹni tó mọ bí gbogbo baálé ilé tó wà nílùú ṣe wúwo tó. Mo ní ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ á fẹ́ mi. Ìyá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rẹ́rìn-ín lójú ọkọ rẹ̀. Bàbá mi ní ó dáa, kí n máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá gbà mí tán lópin òjò, ilé ọkọ ló kàn, òun ò sì ní gbọ́ ìwé ìwọ̀n kankan mọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà wa ò gbà kí a wọn àwọn. Ohun tí a bá fẹ́ tà là ń wọ̀n, wọ́n ní. Ta ló fẹ́ tà wá? Mi ò bá wọn jiyàn. Mo tẹ́ ẹní sórí ìwọ̀n náà, mo gbé àga onítìmùtìmù kan lé e, mo sì ti mọ iye tí ẹní àti àga jẹ́ kí n lè yọ ọ́ kúrò. Bí àgbà bá dé, màá kúnlẹ̀, màá kí i dé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, màá wá ní, "Ẹ jókòó kí ẹ fẹsẹ̀ sinmi díẹ̀, Bàbá." Bó bá ti jókòó, màá bọ́ sẹ́yìn àga, màá sún irin ìwọ̀n, màá kọ iye rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wọn àwọn ọlọ́lá Ìjẹ̀bú-Igbó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, Bàbá Onígẹdú sì wà lára wọn. Ṣé ẹ̀tàn ni? Ẹ̀tàn ni. Wọ́n dé Ìbàdàn láyọ̀, wọ́n sì padà láyọ̀.

Ìṣirò yẹn nìkan ni mo kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ràn. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ bàálù náà, òyìnbó gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tún nǹkan kan ṣe lára ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fẹ́ fò díẹ̀ láti fi wò ó. Ó ní ẹni tó ń kọ ìwọ̀n yẹ kó mọ ìdí tó fi ń kọ ọ́, kí n wọlé. Mo wọn ara mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo wọlé. Bàálù náà sáré lórí koríko títí mo fi rò pé kò ní gbéra mọ́, igbó ń tóbi sí i níwájú wa, àfi bí ilẹ̀ ṣe jọ̀wọ́ wa lójijì. Mo rí orí igi ìrókò láti òkè. Lagilagi bí bàbá mi, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ìdí igi, kò rí orí ìrókò bẹ́ẹ̀ rí.

A forí lé gúúsù. Kí àyà mi tó balẹ̀, mo rí omi. Ó tẹ́ lọ salalu, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké wà lórí rẹ̀, èéfín ń rú létí bèbè. Mo bi awakọ̀ pé ibo nìyẹn. Ó wo máàpù rẹ̀, ó ní Ìwópin ni. Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi máa ń sùn lọ́nà kó tó dé ibi tí mo wà yìí, àkókò tí a sì lò kò tó èyí tó fi ń bẹ awakọ̀ lọ́rì pé kó bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ òun síbi tí òjò ò ti ní pa á. Inú bí mi sí gbogbo ọjọ́ tí ọ̀nà yẹn ti jẹ nínú ayé rẹ̀. Inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè pa ẹnu dé. Kí a tó balẹ̀ padà, mo ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa rí mi nídìí gẹdú mọ́, kò sì sí ilé ọkọ tó máa gbé mi kúrò nídìí bàálù.

Ìgbà òjò ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí lọ́jọ́ tí Bàbá Onígẹdú fẹ́ lọ gbàwé igbó tuntun ní Ìbàdàn. Òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àti òyìnbó kan tó ń ra gẹdú ló fẹ́ wọ bàálù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi wà lára gbogbo koríko. Àwọn èèyàn ti wá sin Bàbá, àwọn obìnrin sì dúró létí pápá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, torí kò sí ohun mìíràn láti wò láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo nawọ́ sí àga.

"Mé è jókòó," ni Bàbá wí. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga náà. Ẹnì kan ti lọ tú àṣírí mi. "Oṣù mélòó lo ti ń wọ̀n mí bí àpò kòkó lórí ilẹ̀ èmi fúnra mi?"

Mo ní oṣù mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní iye ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nínú ìwé, wọn ò nílò láti jókòó mọ́. Àwọn tó wá sìn ín rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lára mi, ó lọ wọ bàálù.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: awakọ̀, epo, èrò mẹ́ta, àpò wọn. Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, mo rìn yí bàálù ká bí mo ṣe máa ń ṣe kó tó lọ. Nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀, mo dúró. Táyà kékeré tó wà nídìí náà ti rì sínú koríko ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí a máa ń kó àpò sí. Mo ti kó àpò wọn síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ wo àgbá epo. Mo tún un ṣí. Àpò gàrí méjì ló wà lórí àwọn àpò náà, pẹ̀lú garawa epo pupa kan, àti apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu.

Ará ilé Bàbá ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo rò pé wọ́n fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni mo wo bí wọ́n ṣe di aṣọ ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà: kókó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n wá ki etí aṣọ bọ abẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dì í bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Sópẹ́n. Mo gbójú sókè. Ìyá mi dúró láàárín àwọn obìnrin tó wà létí pápá, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òjò ń parí lọ, ó fẹ́ kí awakọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rere létí àwọn ọ̀gá. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣe ọmọ ẹni lóore, a kì í fi ẹnu lásán dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sì í pariwo ẹ̀bùn. A ó rọra gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti máa bá a. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún tíṣà mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún dókítà tó gba ẹ̀bí àbúrò mi, inú bọ́ọ̀tù mọ́tò wọn ni wọ́n ti rí gàrí. Lójú ìyá mi, bàálù náà, ọkọ̀ ni. Ó ti dúró dìgbà tí mo wà nídìí àgbá epo tí awakọ̀ sì ń mu tíì nínú àtíbàbà, ó ṣílẹ̀kùn, ó kó o wọlé, kò sì sí ẹni tó bi í, torí ìyá mi ni.

Mo lè pa ilẹ̀kùn náà dé. Kò sí ẹlòmíràn tó rí ohun tí mo rí. Mo ní kí n sọ òótọ́: mo kà dé mẹ́ta pẹ̀lú ọwọ́ mi lórí ilẹ̀kùn yẹn. Lẹ́yìn náà, mo fa àpò gàrí àkọ́kọ́ jáde.

Mo gbé wọn lọ sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ju odindi ènìyàn kan lọ. Ìdí bàálù ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí, níbi tí ẹrù ti léwu jù, torí bí ìdí bá wúwo, orí á máa yí sókè lódìlódì, awakọ̀ ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i.

Bàbá Onígẹdú yọrí lójú fèrèsé. "Kí lo ń kó kúrò níbẹ̀?"

"Ẹrù tí kò sí nínú ìwé ni, Bàbá."

"Ẹrù ta ni?"

Ẹnì kan láàárín àwọn tó wá sìn ín wo àpò gàrí, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀bùn nìyẹn, bí wọ́n ṣe fi aṣọ bò ó lẹ́nu ti fi hàn. Ojú Bàbá yí padà. Ó ní kí n dá a padà. Ó ní a kì í já ẹ̀bùn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ibi. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyá mi náà ló kọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹrù yìí ò ní í lọ."

Awakọ̀ bi mí pé kí ni ìwé wí. Mo sọ fún un. Ó ní ohun tí ìwé bá wí náà ni. Bàbá wá ní, ó dáa, bó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ló pọ̀ jù, òun ni ènìyàn náà, kí wọ́n gbé ẹ̀bùn lọ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sórí ilẹ̀ òun. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rò pé a máa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ní bí Bàbá bá tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìdí bàálù ò lè gbé ẹrù yẹn, àyè wọn sì wà níbẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ wọlé. Ó wò mí bí ẹni tó rí ejò nínú ilé rẹ̀. Kò wọlé. Awakọ̀ dúró dè é, ó wo aago, ó wo ojú ọ̀run, ó sì lọ pẹ̀lú àwọn méjì tó kù. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn wo ìyá mi, kò sí níbẹ̀ mọ́. Gàrí, epo àti ẹja ọ̀hún wà nínú àtíbàbà lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó wá gbé wọn.

Bàálù náà gun orí igbó kọjá, ó di kékeré, ó lọ. Ohun tó burú nínú iṣẹ́ wa nìyẹn: bí a bá ṣe é dáadáa, nǹkan kan ò ní í ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìlú ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó fò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ì bá fò pẹ̀lú gàrí náà." Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ṣé kí n mú òkú tí a ò sin wá ni?

Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé àgbà wá sílé wa. Ẹ̀sùn ti dé iwájú àwọn ọ̀gá: Bàbá Onígẹdú ní mo dójú ti òun, òun ò sì rí àwọn ará Ìbàdàn mọ́. Ó ní bí Bàbá bá dárí jì mí, ẹ̀sùn náà á kú, iṣẹ́ mi á sì dúró. Lẹ́yìn ìrun Àlásárì, gbogbo wa kọrí sílé Bàbá: akọ̀wé àgbà, bàbá mi, ìyá mi àti èmi. Láti ọjọ́ tí mo ti já ẹrù yẹn, ìyá mi ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi, ó sì ń lọ.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì, tọkàntọkàn ni, torí àgbà ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n má bínú pé wọn ò dé Ìbàdàn. Mo ní kí wọ́n má bínú lórí ọ̀rọ̀ àga, mo ti fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí bá wọn lò, kò yẹ. Bàbá Onígẹdú mi orí. Ó ní kí n wá sọ pé mo ṣì í lórí ọ̀rọ̀ ẹrù.

"Mé è ṣì í, Bàbá."

Bàbá mi kérora láti ilẹ̀ tó wà. Akọ̀wé àgbà wo àjà. Bàbá Onígẹdú ò pariwo. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọlọ́gbọ́n ni, ohun tó mú un léwu gan-an nìyẹn. Ó ní òun ti wádìí nílé òun, kò sí ará ilé òun tó gbé ẹrù sí bàálù. A jẹ́ pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló kó gbogbo wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ó ní, "Dárúkọ ẹni náà fún mi. Òun ni màá bá ṣe é. Ìwọ, padà sídìí iṣẹ́ rẹ lọ́la."

Ìyá mi jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo dúró dè é. Mi ò ní purọ́: mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, a ò ní sùn sínú ilé yẹn kí oṣù náà tó parí, bàbá mi ò sì ní di ayùn mú nílé ìlagi yẹn mọ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń bínú sí i síbẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ ẹni náà, Bàbá," ni mo wí. "Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀."

Ó ní ilẹ̀ òun ni pápá yẹn, kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó parí. Bí a ṣe ń lọ sílé, bàbá mi ní òun máa ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Ìlapòrú tó ti ń béèrè mi. Mo ní òpin òjò ló dá fún mi, òjò ò sì tíì dá. Ó ní bí mo bá ń kọ ọkọ báyìí, ìyàgàn ń bọ̀ lórí mi. Mo ní kó máa bọ̀, màá wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dé.

Nígbà tí bàálù tún wá, awakọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ akọ̀wé àgbà pé ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù náà ní Ìkẹjà ń wá ẹni tó máa bójú tó ìwọ̀n, bàálù wọn sì pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kì í gba ẹni tí wọ́n lé láìjẹ́ pé ó mọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Mo di ẹrù mi. Bàbá mi kọ̀yìn sí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà. Ó tẹ̀ lé mi wọ lọ́rì. Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, Ṣàgámù kọjá, kò sọ̀rọ̀. Mo fojú sí ìta fèrèsé.

Ọ̀gá tí a bá ní Ìkẹjà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ìwé òṣìṣẹ́ ńlá kan wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ariwo bàálù ń wọlé láti ìta, mo sì gbọ́ ọ dé inú egungun. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá náà ní awakọ̀ ti sọ pé ìṣirò mi pé. Ó ní kí n sọ fún òun ìdí tí wọ́n fi lé mi.

Mo ní mo já ẹrù kan tí kò sí nínú ìwé, èèyàn ńlá kan sì bínú.

"Ta ló gbé ẹrù náà síbẹ̀?"

Mo ní mi ò ní í dárúkọ rẹ̀.

Ó tún bi mí. Ó ní ẹni tó ń kó ẹrù sí bàálù láìsọ lè pa gbogbo èrò inú rẹ̀, ẹni tó sì ń bò ó mọ́lẹ̀ ò sàn jù ú lọ. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní òun ò lè fi ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sídìí ìwọ̀n, kí n máa lọ, ó dàbọ̀.

Mo ti yí padà nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Èmi ni," ó ní. Ó ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti wọ àárín yàrá. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá náà bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run: gàrí, epo, ẹja, ilẹ̀kùn kékeré, bí òun ṣe rò pé ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́, bí òun ṣe jókòó sórí ẹní nílé onílé tí òun jẹ́ kí ọmọ òun ru ẹrù òun. "Èmi ni ìyá ẹ̀. Ó rí i pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín sí i, ó sì já a." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wá yíjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ náà. "Ọmọ mi é è ṣì í," ó ní. "Èmi mo ṣì í."

Ọ̀gá náà dìde, ó gbé àga tirẹ̀ fún un kó jókòó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé náà padà, ó dá a kọjú sí mi, ó sì ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi síbẹ̀.